Ìtàkùn Tó Yí Pálọ̀ Màmá Ká

"Má nù ún bí ẹni ń nu tábìlì," Màmá wí fún mi. "Fi ọwọ́ òsì gbé ewé yẹn láti abẹ́, kí o wá fi ọ̀tún nù ún jẹ́jẹ́. Nǹkan ẹlẹ́mìí ni."

Orí àga onígi ni mo dúró sí, àkísà tútù wà lọ́wọ́ mi, Màmá sì di ẹsẹ̀ àga náà mú nísàlẹ̀ kí n má baà ṣubú. Àárọ̀ Sátidé ni. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà. Eruku pupa bo orí páànù, ó bo aṣọ tí wọ́n sá, ó bo ewé ọsàn tó wà lẹ́yìnkùlé gbogbo ará Fìdítì. Ṣùgbọ́n nínú pálọ̀ Màmá, ewé kan kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú pẹ̀lú eruku lára. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ata ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún nísàlẹ̀ àdúgbò la ti ń nù ún, a kò sì tí ì dé ìdajì. Bí mo bá nu ewé kan tán, á máa dán, àwọ̀ ìyeyè tó ta sí i lára á hàn kedere. Omi ń kán láti inú àkísà mi sórí gèlè Màmá. Ilẹ̀ tútù àti káńfọ̀ inú àpótí aṣọ rẹ̀ ni gbogbo pálọ̀ náà ń rùn.

Màmá kì í ṣe ìyá mi, kì í sì í ṣe ìyá ìyá mi. Aládùúgbò wa ni, ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà tí mò ń wí yìí, ní ìparí àwọn ọdún 1980, èmi sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kan ní Ìbàdàn, tó ń gbá wọ́ọ̀dù, tó ń fọ ilẹ̀, tó ń da ìgbẹ́ àwọn aláìsàn nù. Nígbà tó fẹ̀yìntì, ó padà sílé, ó wọ inú ilé tí òun fúnra rẹ̀ kọ́: yàrá méjì, pálọ̀ kan, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré níwájú. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo sì ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Mùsùlùmí ni, kì í fi ìrun ṣeré. Kìrìsìtẹ́nì ni àwa, ṣùgbọ́n ìyá mi kì í se ọbẹ̀ kí ó má bu ti Màmá sọ́tọ̀.

Ìtàkùn yẹn, n kò mọ orúkọ tó ń jẹ́ nígbà náà. Fúláwà ni gbogbo ayé ń pè é. Ewé rẹ̀ rí bí ewé iṣu, ó fẹ̀ nídìí, ó ṣonṣo lẹ́nu, àfi pé tirẹ̀ nípọn, ó sì ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Inú abọ́ tánganran ńlá kan tó ti lu nídìí ni Màmá gbìn ín sí, ní igun pálọ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Láti ibẹ̀ ló ti gun ògiri, ó gba orí fèrèsé, ó gba orí àwòrán ọkọ rẹ̀, ó gba orí ilẹ̀kùn yàrá. Màmá kan ìṣó kéékèèké mọ́ ògiri, ó sì fi òwú ìránṣọ so ìtàkùn náà mọ́ wọn, kò fún un pọ̀, bí ẹni ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ìdí ọmọ ọwọ́. Ó kù díẹ̀ kí orí rẹ̀ yí pálọ̀ ká tán, kí ó padà wá bá ìdí ara rẹ̀ ní igun tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ó sọ fún mi bí ó ṣe rí i. Sísítà kan ní wọ́ọ̀dù ló gbìn ín sínú ife sórí tábìlì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé sísítà náà lọ sí ibòmíràn, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ní òun kò fẹ́ ìdọ̀tí lórí tábìlì, kí Màmá lọ dà á nù. Màmá gbé e dé ìdí ààtàn. Ó wò ó, ó rí ewé tuntun kan tó ń yọ bọ̀, tó ká jọ bí ẹní.

"Mo ní, ẹni tó ń rọbí lọ́wọ́, ta ni yóò gbé e jù sí ààtàn?" Bí Màmá ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ó fi etí ìró rẹ̀ bò ó, ó gbé e lọ sílé.

Ìlú ọsàn ni Fìdítì. Ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, kajú: ohun tí a bá gbìn nílùú wa gbọ́dọ̀ so, kí á gbé e lọ sójú títì, kí àwọn tó ń lọ sí Ọ̀yọ́ àti àwọn tó ń bọ̀ láti ibẹ̀ rà á. Nítorí náà, ìtàkùn Màmá kò yé àwọn èèyàn.

"Màmá, ṣé ó máa ń so?"

"Kì í so."

"Ṣé wọ́n ń sè é jẹ ni?"

"Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ẹnu á yún un dalẹ́."

"Ṣé oògùn ni?"

"Kì í ṣe oògùn."

"Kí wá ni iṣẹ́ rẹ̀?"

"Ó wà láàyè," Màmá á wí. "Ṣé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ni?"

Wọ́n sọ Màmá ní Ìyá Eléwé. Obìnrin àlejò kan gbọ́ orúkọ yìí lọ́jọ́ kan, ó wá kan ilẹ̀kùn pé òun fẹ́ ra ewé tí òun máa fi pọ́n mọ́ínmọ́ín. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí obìnrin náà wọlé, ó fún un lómi mu. Obìnrin náà wo ògiri yípo, ó ní, "Háà! Màmá, inú igbó lẹ ń gbé."

"Igbó tí mo fi ọwọ́ ara mi gbìn ni," Màmá dá a lóhùn, ó sì nàró ṣánṣán bí ó ṣe ń sọ ọ́.

Omi ni ìyá mi ní kí n máa pọn fún un láràárọ̀. Bí mo bá da omi sínú àmù tán, n kì í fẹ́ lọ mọ́, ni Màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. Ó ní kí n ti ìka bọ inú erùpẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Bí ó bá tutù, kí n fi í sílẹ̀; bí ó bá gbẹ, kí n fún un lómi, kí n sì da èyí tó bá sẹ̀ sínú àwo ìsàlẹ̀ nù. Ó ní oòrùn gangan kò gbọdọ̀ pa á. Ó fà mí lọ́wọ́, ó jẹ́ kí n fọwọ́ kan kókó kékeré tó wà lára oríkèé ìtàkùn náà.

"Gbòǹgbò ló ń sùn níbí yìí," ó ní. "Bí o bá máa gé e, ìsàlẹ̀ oríkèé ni kí o gé, kí o tì í bọ inú omi. Á jí."

Ojú Màmá ti ń ṣú nígbà yẹn. Awọ funfun kan ti ń bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, bí ọ̀rá tó dì lójú ọbẹ̀. Ọwọ́ ló fi ń rí ìtàkùn rẹ̀. Á na ọwọ́ sókè, á fi ìka tọ̀ ọ́ láti ìṣó dé ìṣó, á wá bi mí pé, "Ó ku bí ewé mélòó kó dé igun?" Èmi á kà á fún un, inú rẹ̀ á dùn.

Nígbà tí òjò ọdún tó tẹ̀lé e bẹ̀rẹ̀, ọmọ rẹ̀ wá láti Ìbàdàn. Dókítà ti ní àwọn lè fi iṣẹ́ abẹ ṣí awọ náà kúrò, ojú kan lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà èkejì. Ó máa ju oṣù méjì lọ kí Màmá tó padà. Màmá kò bẹ̀rù abẹ. Ẹ̀rù tó ń bà á ni pé bóyá ojú náà kò ní là. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, ó pè mí sí pálọ̀. Ó ti múra, ìborùn funfun wà lórí rẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "láti ìgbà tí ìtàkùn yìí ti kọjá orí ilẹ̀kùn yẹn, n kò fi ojú rí i dáadáa mọ́. Bí Ọlọ́run bá jẹ́ kí ojú mi là, òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ wò nínú ilé yìí. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Mà."

"Ṣé o lè tọ́jú rẹ̀?"

"Mo lè tọ́jú rẹ̀, Mà."

Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé ìyá mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èmi ló kọjú sí.

Inú mi dùn ju bó ti yẹ lọ. Kò sí ọmọ mìíràn ládùúgbò tí àgbàlagbà fi ilé lé lọ́wọ́, mo sì rí i dájú pé gbogbo kíláàsì mi gbọ́. Láàárọ̀, kí n tó lọ sílé ìwé, mo fún ìtàkùn lómi. Bí mo bá dé, n kò tí ì bọ́ yunifọ́ọ̀mù, mo tún fún un lómi. N kò ti ìka bọ erùpẹ̀ mọ́. Mo rò pé omi tí ìfẹ́ bá wà nínú rẹ̀ kò lè pọ̀ jù. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, fèrèsé wà ní títì, omi dúró sínú àwo ìsàlẹ̀, n kò dà á nù.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ewé mẹ́ta pọ́n. Mo rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, mo fi kún omi. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ewé mẹ́wàá pọ́n. Mo ṣa àwọn tó já bọ́, mo lọ sin wọ́n sẹ́yìn ilé kí ìyá mi má baà rí wọn. Òórùn kan bẹ̀rẹ̀ nínú pálọ̀, bíi ti ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ tí wọ́n sì gbàgbé. Mo ṣí fèrèsé, òórùn náà kò lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fọwọ́ kan ìdí ìtàkùn náà, ó sì bá ọwọ́ mi jáde, ó rọ̀, ó dúdú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà. Gbòǹgbò kan kò tẹ̀lé e.

Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún títí ìyá mi fi gbọ́. Ó wọlé, ó wo ògiri, ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́."

"Ewúrẹ́ ta ni? Èmi ò ní bá ọ parọ́ mọ́ ewúrẹ́ ẹlẹ́wúrẹ́." Ó fi etí ìró rẹ̀ nù mí lójú. "Ìwọ lo ṣe é, ẹnu rẹ náà ni Màmá á ti gbọ́ ọ. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Dìde nílẹ̀."

Lẹ́yìn tó lọ tán, mo gbójú sókè. Ìdí ló rà. Lókè, níhà orí ilẹ̀kùn, ewé ṣì ń dán. Ìtàkùn náà kò tí ì mọ̀ pé ìdí òun ti lọ.

Mo gun àga. Mo tú òwú tí Màmá so, lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì rọra fa ìtàkùn náà wálẹ̀. Mo ká a sórí ẹní, mo mú abẹ tuntun, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé e nísàlẹ̀ oríkèé kan dé ìsàlẹ̀ oríkèé mìíràn. Èyí tó bá rọ̀, mo dà á nù. Èyí tó bá le, mo fi í sílẹ̀. Méjìlélógójì ni mo rí.

Ibo ni mo ti máa rí ìgò? Mo tọrọ ìgò oògùn ikọ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin kẹ́míìsì. Mo bẹ obìnrin tó ń ta ẹlẹ́rìndòdò ní ibùdókọ̀, ó fún mi ní àwọn tí ẹnu wọn ti ṣán. Tíṣà mi kó ìgò yíǹkì tó ti tán fún mi. Mo fi yanrìn fọ gbogbo wọn, mo bomi sí wọn, mo tò wọ́n sójú fèrèsé, mo tò wọ́n sórí tábìlì. Àwọn ọmọ kíláàsì mi wá ń yọjú, wọ́n ń bi mí pé ṣé ewé náà ń mu ẹlẹ́rìndòdò ni.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò sí nǹkan kan. Mò ń pààrọ̀ omi lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta, mo sì kó ara mi níjàánu, n kò jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan rà, mo dà wọ́n nù láìsunkún. Nígbà tó tó bí ọjọ́ mọ́kànlá, mo gbé ìgò oògùn ikọ́ kan sókè sí ìmọ́lẹ̀, mo sì rí nǹkan funfun kan tó yọ lára oríkèé, kò ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ. Mo kígbe. Ìyá mi sáré wọlé pẹ̀lú igi ìdáná lọ́wọ́, ó rò pé ejò ni.

Kí Màmá tó dé, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti ta gbòǹgbò.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ó dé. Mọ́tò ọmọ rẹ̀ dúró níwájú ilé, gbogbo àdúgbò sì tú jáde. Màmá sọ̀ kalẹ̀, awò dúdú wà lójú rẹ̀. Ó bọ́ ọ, ó wo ìyá mi látòkè délẹ̀, ó ní, "O mà ti sanra o!" Àwọn èèyàn pariwo ẹ̀rín, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, Màmá ń wí pé "Àlùbáríkà, àlùbáríkà" fún ẹni gbogbo.

Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, mo fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ, ṣùgbọ́n bí ó ti dé iwájú mi, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tí ì wọlé."

"Nítorí kí ni?"

"Mo ti pa á, Mà. Mo fún un lómi jù, ìdí rẹ̀ sì rà. Kò sí lára ògiri mọ́."

Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Ọmọdé kúkú ni." Màmá ń wò mí. N kò rí ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ó dúdú, ó mọ́, mo sì mọ̀ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa rí mi dáadáa: ọmọ tó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí ikun ń ṣàn nímú rẹ̀.

"Kí ló kù?" ó bi mí.

Kò bi mí pé ṣé bí òun ṣe kọ́ mi nìyẹn. Kò bi mí pé kí ló wà lórí mi.

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kù, Mà."

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí ni?"

Mo dìde, mo ṣí ilẹ̀kùn.

Ó kọ́kọ́ gbójú sókè. Ìṣó nìkan ló kù lára ògiri, àti ojú ibi tí ewé ti bo ọ̀dà mọ́lẹ̀ tí kò jẹ́ kí ó ṣá, gbọọrọ yíká pálọ̀. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú àwọn ìgò náà kọjá, gbòǹgbò funfun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń rọ̀ nínú omi. Ó rìn lọ síbẹ̀. Ó gbé ọ̀kan, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e súnmọ́.

"Wo irun rẹ̀," ó ní. "Wo bí ó ṣe tín-ín-rín tó. N kò mọ̀ pé mo tún máa rí nǹkan tó kéré báyìí mọ́."

Ó jókòó. "Ta ló bá ọ gé e?"

"Èmi nìkan ni, Mà."

"Ìsàlẹ̀ oríkèé?"

"Ìsàlẹ̀ oríkèé, Mà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Èyí tí mo gbé bọ̀ láti wọ́ọ̀dù, mo pa á. Omi náà ni. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ni mo rí yọ lára rẹ̀, òun ló di èyí tí o mọ̀ yẹn. Ẹ̀ka kan ṣoṣo! Ìwọ yọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n." Ó kọjú sí àwọn tó dí ẹnu ọ̀nà pa. "Ẹ wọlé, ẹ wá wo iṣẹ́ ọmọ yìí. Ẹ wọlé, kò ní bù yín jẹ."

Wọ́n wọlé lóòótọ́. Àwọn àgbàlagbà tó ti ń fi ewé yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ tò kọjá níwájú ìgò mi, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Mo ti gba ẹ̀bùn nílé ìwé rí, mo sì ti gba oríṣiríṣi lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n n kò tí ì ga tó bí mo ṣe ga nínú pálọ̀ yẹn, tí ọwọ́ Màmá wà léjìká mi.

Ó ní ẹyọ kan tó fún ògiri òun, kí ọgbọ̀n tó kù máa rìn ká. Télọ̀ mú ọ̀kan, onígbàjámọ̀ mú ọ̀kan, àwọn tíṣà gbé ọ̀kan sí ọ́fíìsì wọn. Akọ̀wé kan gbé tirẹ̀ lọ sí Jobele níbi iṣẹ́. Ọmọge kan tó ń lọ sílé ọkọ ní Awẹ́ kó o mọ́ ẹrù ìyàwó. Láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta, bí o bá yọjú sí pálọ̀ mẹ́wàá ládùúgbò wa, wàá rí i nínú mẹ́fà. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bi Màmá nípa ìtọ́jú rẹ̀, á ní, "Èmi kọ́ ni kẹ́ ẹ bi. Ẹ bi dókítà rẹ̀," á sì na ọwọ́ sí mi. Bí àwọn ìyálé ilé ṣe ń mú mi wọ pálọ̀ wọn nìyẹn, èmi ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí mò ń ti ìka bọ erùpẹ̀, tí mò ń wí pé, "Omi ti pọ̀ jù, Mà. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Màmá kú nígbà tí ó kù díẹ̀ kí n parí sẹ́kọ́ńdírì. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, ní ẹ̀yìn ilé tí ó fi owó gbígbálẹ̀ kọ́. Mo sunkún, ṣùgbọ́n mo gbórí sókè sunkún ni, nítorí gbogbo ẹni tó dé ló ń wí pé àwọn ní nǹkan Màmá nílé.

Ọ̀gá ilé ìwé ni mí lónìí. Lọ́dún tó kọjá, òjò wọ yàrá tí a kó ìwé ìdánwò àwọn ọmọ sí. Tíṣà kékeré kan wá bá mi ní ọ́fíìsì. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, èmi ni mo gbàgbé láti ti fèrèsé." Àwọn tó jókòó tì mí ti múra sílẹ̀ de igbe mi. Mo bi í pé kí ló kù. Ó ní ti kíláàsì mẹ́ta kò tutù rárá, àti pé bí a bá tètè sá àwọn yòókù, a ṣì lè kà wọ́n. Gbogbo wa dìde, a lọ sá ìwé sórí bẹ́ǹṣì títí di ìrọ̀lẹ́.

Lẹ́yìn náà, igbá-kejì mi ní sùúrù mi pọ̀. Kì í ṣe sùúrù. Mo mọ bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí èèyàn bá kúnlẹ̀ níwájú ẹni tí òun ṣẹ̀, tí ẹni náà wá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí òun ní èsì sí.